Ìbéèrè Keje

Láti Akọ́kà ni mo ti gbé fọ́ọ̀mù wá,
ogójì ẹ̀dà, ìbéèrè mọ́kàndínlọ́gbọ̀n,
bírò méjì, ọ̀kan ń da yíǹkì,
àti fóònù tí yóò sọ ibi tí mo dúró sí
fún sátẹ́láìtì tí n kò rí.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣìgbìn ti kìlọ̀ fún mi:
"Ìbídùn, má gba ìtàn. Iye ni kó o gbà.
Ìtàn kò ní àpótí nínú fọ́ọ̀mù."

Oko Bàbá ń rú èéfín láàárọ̀.
Ayùn ń ké, igi ń ké lábẹ́ rẹ̀,
gẹdú tó fi omi rìn láti ọ̀nà Oǹdó
sùn gbọọrọ létí ọ̀sà
bí ará oko tó wá ilé ẹbí títí ilẹ̀ fi ṣú.
Afárá Kẹta ń lọ lọ́hùn-ún,
àwọn tó wà lórí rẹ̀ ń ti fèrèsé ọkọ̀
nítorí èéfín wa.
Mo ní "wa". Èmi tí mo dé láago mẹ́jọ.

Bàbá Ọmọ́jùwà jókòó lórí ìtì igi, ó ń tún àwọ̀n ṣe.
Mo kí i. Mo kí i títí.
Ìbéèrè kìíní dé ìkẹfà,
ó ń dáhùn bí ẹni ń fún ọmọdé ní ṣẹ́ńjì.
Ó kan ìkeje:
"Ẹ̀yin mélòó lẹ ń gbé inú ilé yìí?"

Abẹ́rẹ́ dúró lójú àwọ̀n.
"Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni?
A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Mo ní kì í ṣe kíkà, bàbá, ìwádìí ni.
Ó ní orúkọ tuntun ni wọ́n fi sọ ọ́.
Mo ní ìjọba lè rí i, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ omi wá.
Ó ní, "Ìjọba tó kà wá kẹ́yìn,
katakata ló gbé wá."

Síbẹ̀ kò lé mi. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn:
"Wọlé. Ka ohun tí kì í kú."

Mo ka ẹní: mẹ́fà, ọ̀kan jẹ́ ti àlejò.
Mo ka abọ́ tánńganran: mọ́kànlá.
Mo ka búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nínú ife kan ṣoṣo: mẹ́jọ.
Ìkẹsàn-án kéré. Ó gbẹ. Eruku ti bò ó.
N kò bèèrè.

Ìbéèrè kọkànlá: ta ló ni ilẹ̀?
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró.
"Ilẹ̀ wo? Nígbà tí mo dé,
ẹja ló ń gbé ibi tó o tẹ bàtà sí yẹn.
Iyẹ̀ igi la dà, pàǹtírí la dà, àpò lórí àpò,
òjò ọdún mẹ́ta rọ̀ sí i,
ìyàwó mi gbé oyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta rìn lórí ẹ̀
kó lè le.
Bi ọ̀sà ẹni tó ni ín.
Èmi kàn tọ́ ọ dàgbà ni."

Lálẹ́, nínú yàrá kọ̀mpútà,
mo fi àmì pupa sí ilé rẹ̀.
Búlúù ni gbogbo àyíká. Sátẹ́láìtì ní omi ni.
Ọ̀jọ̀gbọ́n na ìka sí i:
"Inú ọ̀sà lẹni yìí ń gbé?
Àṣìṣe ni. Pa á rẹ́."

Ọjọ́ kẹrin rèé, n kò tí ì pa á rẹ́.
Kọ̀mpútà ṣì ń dúró de ìkeje,
nọ́ńbà nìkan ló ń gbà.
Mo tẹ "abọ́ mọ́kànlá". Ó kọ̀ ọ́.
Mo tẹ "ẹní mẹ́fà, ti àlejò wà ńbẹ̀". Ó kọ̀ ọ́.

Lánàá mo pe màmá mi ní Bàrígà.
Mo ní, kí ló wà níbi ilé wa
kí ilé wa tó débẹ̀?
Wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ ìró fáànù.
"Akàn," ni wọ́n wí. "A máa ń mú akàn níbẹ̀.
Ta ló ń bèèrè?"